Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Ọkọ Ọlọ́kọ Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, àfi bí wọ́n bá bò mí mọ́lẹ̀ tán. Èmi ò mọ̀wé o. Mojí, ọmọ Bísí ọmọ mi, ló ń bá mi kọ eléyìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ yọ ibi tí ojú ti tì mí kúrò, kò sì gbọdọ̀ yọ ibi tí ojú ti ti òun náà.

Ó ti tó ọdún méjìlá tí Bàbá Bísí, ọkọ mi, ti kú. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Ara ògiri pálọ̀ wa níbí, ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, ló wà títí ìjì fi ṣí páànù orí ilé wa, tí òjò sì wọlé tọ̀ ọ́. Kí n tó dé ibẹ̀, ojú ọkọ mi ti ṣàn wálẹ̀ bí omi ọṣẹ. Mo ní kò burú, ṣebí mo mọ ojú ọkọ mi. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé ojú náà ti ń sá fún mi. Mo lè rántí ohùn rẹ̀. Mo lè rántí bó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú pé kí n wò ó, ńṣe ló ń dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn èéfín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo ń gbàgbé ojú ẹni tó fún mi lọ́mọ márùn-ún?

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè ní fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni. Láyé tiwa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọkọ náà kéré tó. Kò sì sí àárọ̀ tí ọmọ yìí kì í fi òróró àti pọ́dà para kó tó lọ síléèwé, ni mo bá sọ ọ́ ní Ajíṣafẹ́. Títí di òní, ohun tí mo ń pè é nìyẹn. Òun náà kì í pè mí ní nǹkan míì ju Ìyàwó lọ, bí mo ṣe darúgbó tó yìí.

Ajíṣafẹ́ ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó, mo rí fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi nínú àpótí. Mẹ́rin! Màá máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ímeèlì Mojí, bí mo bá ti ń ráyè. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹ̀ á ti dé."

Ha! Mo jó láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, mo tún jó padà. Iṣu tí mo gbé síná jóná, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mojí ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Ó ní ímeèlì òun ti kún bí ààtàn, pé ìwé iléèwé ni, ìpolówó ni, òun ò lè jókòó máa ṣa fọ́tò nínú ẹ̀. Ó ní òun máa kọ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà. Bí lẹ́tà bá ti wọlé tí nǹkan so mọ́ ọn, àṣẹ náà á tú nǹkan ọ̀hún kúrò lára lẹ́tà, á tọ́jú ẹ̀ sínú àpò kan fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ó tún fi wáyà gígùn so kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, pé ohunkóhun tó bá ti bọ́ sínú àpò náà, kó yọ síta gbàgà kí n lè rí i. Láyé tiwa, bí wọ́n bá fi ẹrù rán awakọ̀ sí ọ láti Èkó, ìwọ ni wàá lọ jókòó ní gáréèjì láti ìdájí. Ẹ wá wò ó, ẹnì kan á máa bá mi jókòó ní gáréèjì! Mojí sọ orúkọ tí wọ́n ń pe àṣẹ náà lóyìnbó, kò dúró lẹ́nu mi. Mo sọ tèmi ní Ìránṣẹ́.

"Màmá," Mojí ní, "kí lorúkọ Bàbá Lọ́ńdọ̀nù? Mo fẹ́ kó máa gba tiwọn nìkan."

"Ajíṣafẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sáré lọ bá ọlọ́kadà. Ọ̀nà jíjìn ni Bísí ti tọ́ ọmọ yìí dàgbà, kò mọ̀ pé orúkọ tí ìyàwó fún ọkọ ni. Èmi alára ò sì rántí pé yàtọ̀ sí èmi, kò sí ẹni tó mọ ọkùnrin náà sí Ajíṣafẹ́ láyé. Gbogbo àwọn ọmọ mi, Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pè é.

Ayọ̀ ò jẹ́ kí n pa ẹnu mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi pé Bàbá Bísí ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, inú tẹlifíṣọ̀n ló máa wọ̀ sí. Mo ní kí wọ́n wá kí i.

Ọjọ́rú, Ajíṣafẹ́ pè. "Ìyàwó, gbogbo ẹ̀ ti lọ o."

Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó dúdú kirikiri. Mo kí i, mo ní, "Ìránṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò dáhùn. Mo ní bóyá wọ́n ṣì wà lọ́nà, ṣebí Lọ́ńdọ̀nù ò sún mọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá márùn-ún ti kún pálọ̀ mi. Ìyá Òjòwò ló ṣáájú wọn, ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà ọmọge, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Mo ti dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún wọn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tó dúdú. Wọ́n jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tán, ó ṣì dúdú.

"Éè ti rí?" Ìyá Òjòwò bi mí. "Ọkọ ọ̀hún ò tíì rí mọ́tò wọ̀ ni?"

"Ó ń bọ̀."

"Ó jẹ́ máa rọra bọ̀. Ọ̀jọ̀jọ̀ tún kù ńlẹ̀ bí?"

Bí Mojí ṣe ti iléèwé dé báyìí, mo fà á wọ yàrá rẹ̀. "Ọkọ mi dà?"

Ó yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ó ní kò tíì sí lẹ́tà kankan tó wá láti ọ̀dọ̀ Ajíṣafẹ́. Ó ní bóyá orúkọ míì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣé kí òun sọ fún àṣẹ náà pé kó máa gba ti ẹni gbogbo?

Ẹnu ara mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Jẹ́ kí gbogbo ayé wọlé!"

Mo padà sí pálọ̀, mo tún gèlè mi ṣe. Tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀ yòò! Àwọn ìyá pariwo. Ìwé kan tó kún fún àpótí wínníwínní, àtẹ ẹ̀kọ́ iléèwé Mojí, ló kọ́kọ́ yọ, Ìyá Òjòwò sì bèèrè bóyá ìwé ilẹ̀ ni Bàbá Bísí fi ránṣẹ́. Kí n tó fèsì, ìyẹn ti lọ, ọkùnrin kan sì yọ. Àgbàlagbà ni. Ó dé fìlà, ó wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo kúnlẹ̀ wìì.

"Àjàní! Olówó orí mi! Àjàní tó lọ tí kò wẹ̀yìn! Àjàní, ẹ káàbọ̀ o!"

Omijé bọ́ lójú mi. Àwọn ìyá náà bú sẹ́kún. Ìyá Òjòwò tú gèlè rẹ̀, ó fi nujú, ó ní, "Háà, ojú ọkùnrin yìí mà tutù o." Mo ń kì í lọ. Mo kì í dé ilé bàbá rẹ̀, mo kì í dé ilé bàbá ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rọra fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ìyá Bísí, mi ò rántí pé Bàbá ń lo awò ojú."

"Ojú ń dùn ún lọ́jọ́ náà," mo ní. Irọ́ funfun báláú!

Ni Mojí bá sáré jáde tòun ti kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. "Màmá! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ wá sọ̀rọ̀ níléèwé wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìpolówó ẹ̀ ni."

Mo ṣì wà lórí eékún. Kí n tó rí ọ̀nà dìde, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kúrò, ìdí ewúrẹ́ kan ló rọ́pò rẹ̀, ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n bámú. Ọ̀rẹ́ Mojí kan tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló fi ránṣẹ́, ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe ewúrẹ́ náà.

Ìyá Òjòwò wo ewúrẹ́, ó wo èmi. "Ṣé ẹ máa kí tibí náà?"

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ṣubú lu ẹnì kejì. Mojí ń tẹ kọ̀ǹpútà kó dáwọ́ dúró, kò dúró. Ìránṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe láti ọjọ́ yìí, ó ti ríṣẹ́! Ó ju bàtà títà síta, ó ju ehín tí wọ́n fọ̀ funfun síta, ó wá ju ọ̀dọ́kùnrin kan síta. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà rẹ̀ mú, ó da ojú délẹ̀ bí ẹni tébi ń pa. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa, ló bá kà á sókè ketekete: "Mojí, ìwọ ni mò ń rò sùn."

Mojí fò sójú tẹlifíṣọ̀n, ó na apá méjèèjì, ṣùgbọ́n orí ọmọkùnrin náà yọ lápá kan, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yọ lápá kejì.

"Ta nìyẹn?" mo bi í.

"Ọmọ kíláàsì wa ni, mà."

"Kí ló ń ṣe é láyà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa wọ́n pátápátá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rín in, mo ń wo ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo ti kúnlẹ̀ fún ọkọ ọlọ́kọ. Mo ti kí i pé káàbọ̀, mo ti sunkún rẹ̀, ọkàn mi ò sì sọ fún mi pé òun kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo ń fi pamọ́ ṣe bọ́ lẹ́nu mi.

"Mi ò mọ ojú ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀rín dá. Ìyá Òjòwò sún mọ́ mi, ó jókòó tì mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó yíjú sí Mojí, ohùn rẹ̀ le: "Ọmọ, wá bàbá àgbà ẹ jáde fún un. Báyìí báyìí."

Mojí ní lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, àfi kí òun mọ orúkọ tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ́ gan-an. Ó pe ìyá rẹ̀, fóònù Bísí ti kú. Ó pe Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò gbé e. Gbogbo wọn wá ń wò mí.

"Orúkọ ọkọ?" Ìyá Òjòwò ní. "Láti ẹnu ìyàwó?"

Orúkọ náà ti wà lọ́fun mi fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún bí egungun ẹja. Mi ò gbé e mì, mi ò sì tu ú jáde. Mo ní kí Mojí gbé etí wá. Mo fẹnu sí i létí, ẹnu mi kọ̀. Mo mu omi. Mo ní kí gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí mi. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo di ìjókòó àga mú, mo dijú, mo wá ké e bí ẹni tí ejò bù ṣán.

"ADÉBÁNJỌ!"

"Mà!" Ẹnì kan dáhùn láti ìta. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ ni, Adébánjọ lòun náà ń jẹ́. Ó dúró, ó yọ orí wọlé lójú fèrèsé. "Màmá, ṣé ẹ pè mí?"

"Ìwọ kọ́!" gbogbo wa pariwo mọ́ ọn.

Mojí tẹ orúkọ náà wọlé. Lẹ́tà mẹ́rin jókòó síbẹ̀ látàná, ẹnikẹ́ni ò bojú wò wọ́n. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Àgbò ò yá, fọ́tò náà ń ti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fìlà kọ́kọ́ yọ, ó gẹ̀ sápá òsì. Iwájú orí tẹ̀ lé e. Ojú méjèèjì yọ, ó fojú ro bí ẹni tí wọ́n jí láìtíì sùn tó. Ẹnu rẹ̀ yọ, ó dì í pọ̀, nítorí pé ó kórìíra kí wọ́n yà á ní fọ́tò.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé òun ni. Mo ti wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ mi ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mi ò kì í, mi ò sunkún. Mo ní, "Níbo lẹ lọ látijọ́ yìí?"

Ìyá Òjòwò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Bísí, ojúlówó dé. Ẹ kúnlẹ̀ kí i."

Mo ní, "Orókún mi ti tán sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Nírọ̀lẹ́, Ajíṣafẹ́ pè. Mojí ti tú àṣírí mi fún un.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o pè mí lórúkọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, kọ̀ǹpútà ló fà á."

"Mi ò bá kọ̀ǹpútà ṣègbéyàwó. Kúnlẹ̀!"

"Ẹ ò kúkú rí mi."

"Mo fẹ́ gbọ́ kí eékún ẹ dún nílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ fún fóònù. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ní ilé bàbá òun ti pe òun lórúkọ yẹn, pé bó bá wù mí, kí n tún un pè. Mo ní rárá o, ẹ̀ẹ̀kan ti tó mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé àṣẹ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó jẹ́ ìyàwó, kò mọ ẹni tó jẹ́ ọkọ. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa ṣe gẹ́lẹ́, kò ní bi yín bóyá nǹkan míì lẹ ní lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, kó la ẹnu sọ orúkọ, ojú ìbáà tì í.

Fọ́tò náà ti wà lára ògiri báyìí, láàárọ̀ láàárọ̀ ni mo ń kí i. Ṣùgbọ́n kí n tó fi eékún kan ilẹ̀, mo máa ń pe Mojí ná: "Wá wò ó fún mi, òun ni àbí òun kọ́?" Ẹ máa rín in. Èmi náà ń rín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eékún ló ń dùn mí.