Lápálápá Méjì, Ikùn Kan

Ọjọ́ yìgì Sàlámọ́tù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé, ò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin. Èmi ni wáliyyì, aṣojú ìyàwó; láìsí mi, yìgì ò lè so. Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó kú pé ẹnu ara mi ni n ó fi sọ pé mo fi ọmọ náà fún ọkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní kí n gé lápálápá tí mo fi ṣe ọgbà yí ilé wa ká, kí àwọn ọmọ àlejò má baà jẹ èso rẹ̀.

Mo ní, "Lápálápá pupa ló ní májèlé. Ìyẹn kúrú, ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú. Funfun nìyí. Ó ga, ewé rẹ̀ tutù, èso rẹ̀ sì tóbi."

"Bàbá Ráfátù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n o."

"Ṣé bí ọmọ ìyá kan bá jalè, gbogbo wọn lolè ni?"

Ohun tó kì mí láyà ni pé oje lápálápá funfun yìí ni ìyá mi fi ń nu ẹfun kúrò lẹ́nu wa ní kékeré. Ohun tó wo ẹnu ọmọ sàn, ṣé yóò wá pa àgbà? Mo já èso kan, mo jẹ kóró inú rẹ̀. Ó dùn bí ẹ̀pà. Mo bá jẹ sí i, nítorí ẹjọ́ tí mo jàre.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ìyàwó mi wí, ó wọlé lọ.

Àáfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wáàsí ni inú mi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo sáré jáde lọ bì. Mo padà. Mo tún jáde, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹnu ló lé mi. Inú ṣáláńgá ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé ọkọ:

"Àbí bàbá ìyàwó ò fẹ́ fún wa lọ́mọ mọ́ ni?"

Sàlámọ́tù fúnra rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ."

Mo fara ti ògiri, mo fi ọwọ́ kan di okùn ṣòkòtò mú, mo dé iwájú àáfáà. Mo ní, "Mo fi í fún un!" Wọn ò tí ì ṣe àmín tán tí mo ti padà síbi tí mo ti wá.

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ, nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí mo jẹ. Ìyàwó mi dáhùn kí n tó lanu: "Ọgbà ilé wa ni wọ́n jẹ."

Pupa ni o, funfun ni o, májèlé lèso àwọn méjèèjì. Títí dòní, bí mo bá rí i lọ́nà Málété, òdìkejì ọ̀nà ni mò ń gbà. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé torí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ni mo ṣe gbìn ín. Ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí, tó ń jẹ aṣọ orí okùn, kò fẹnu kàn án rí. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ di ikùn mi mú.