Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É àti Ẹ́ńjìnnì Ẹlẹ́ńjìnnì

Bí ẹ kò bá tíì pàdé Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É rí, etí yín ṣì ń sinmi. Òun ló ni ẹgbẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje, òun náà ló sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ wọn bá gba ipò kejì, òun ló ṣe é. Bí òjò bá dá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni. Ọkọ ẹ́ńjìnnì, baba táyà, a-gbàyìn-oníyìn!

Ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ló ń wa ọkọ̀ náà. Ọmọ yìí mọ̀ dájú pé ilé iṣẹ́ kan ló ń yá wọn ní ẹ́ńjìnnì, àti pé orúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀hún ni àdéhùn ní kó wà lára ìdérí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí màdámù kan tó ń ṣe fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì fẹ́ wá wò ó bóyá òun á ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, ọmọ náà bá ọ̀gá ní gáréèjì, tó ń ha orúkọ náà kúrò, tó ń lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn.

"Ànkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lónìí o."

"Kó máa bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é, sà."

"Ta ló ń ra epo sí i?"

Bí onígbọ̀wọ́ yìí bá fi wọ́n sílẹ̀, eré ti tán fún ọmọ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í báni mu rẹ́múrẹ́mú, àwa mọ ìyẹn. Àmọ́ ọkùnrin yìí yá ṣòkòtò tán, ó tún ní òun lòun rán an!

Màdámù dé sí pápá eré pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Ẹlẹ́ńjìnnì náà dé, ó gbé kọ̀ǹpútà há abíyá. Ó wo ìdérí, ó rí orúkọ tuntun, ó rọra jókòó sórí táyà kan.

Ọ̀gá gba gbohùngbohùn. "Ẹ́ńjìnnì yìí, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é! Mo máa lá a lálàá, bílẹ̀ bá mọ́, màá ṣe é!"

"Ẹ mà kú iṣẹ́ o," ni màdámù wí. "Ẹ tan án ká gbọ́."

Ọ̀gá bẹ orí wọ inú ọkọ̀, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dà?"

"Ànkù, kò ní kọ́kọ́rọ́. Kọ̀ǹpútà ẹlẹ́ńjìnnì ló ń jí i."

Gbogbo pápá gbọ́ ọ. Ẹ̀rín bú. Oníròyìn kan rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òógùn bo ọ̀gá. Ó yíjú sí ọkùnrin orí táyà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi jí i."

"Ẹ pe ẹni tó ṣe é."

"Ẹ̀yin náà ni."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é!"

Ọkùnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ti na ọwọ́ sókè láti dá wọn lóhùn kó tó rí i pé ẹnì kankan ò wo òun. Ojú tì í gan-an.

Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, màdámù gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá kọjá, ó lọ bọ ẹlẹ́ńjìnnì lọ́wọ́.

"Ẹgbẹ́ wo lẹ tún ń yá ní ẹ́ńjìnnì?"

"Ọ̀kan wà nítòsí, mà. Wọ́n ń wá onígbọ̀wọ́."

Ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yára ṣí akoto rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọn ò wá awakọ̀?"