Bí Fadérera Ṣe Sọ Ọmọ Kalẹ̀ Tí Ọmọ Kò Jí

Ẹni tó bá fẹ́ kí akọni, ilé tó ti wá ni kó kọ́kọ́ kí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Fadérera Àjíkẹ́ í ṣe fún yín, kí ẹ má baà rò pé orí ààtàn ni a ti ṣa akíkanjú rẹ̀. Ọmọ Láṣebìkan ni, Láṣebìkan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkìrun, ọkùnrin tó lẹ taya kan ṣoṣo nígbà mọ́kàndínlógún, tí taya náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kú, tí Láṣebìkan ní ó di ogún. Ọmọ-ọmọ Àṣàbí ológì ni, obìnrin tó gbé igbá ògì rù, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí oyún òmíràn wà níwájú, tó fi ẹsẹ̀ rin láti Ìkìrun dé Ìrágbìjí, tí ògì kò dà, tí ọmọ kò já bọ́, tó tún bá obìnrin méjì jà lójú ọ̀nà tó sì na àwọn méjèèjì. Òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń sáré nínú iṣan Fadérera, ìyá Tiwaladé, ìyá Ìṣọ̀lá, a-fọwọ́-kan-tẹ̀bà-fọwọ́-kan-nu-imú-ọmọ, obìnrin kúkúrú tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Olóyèdé ni orúkọ mi, Bàbá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìtàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ja ogun Jálumi ní ìlú wa yìí, mo mọ ẹni tó dúró, mo mọ ẹni tó sá, mo sì mọ àwọn tó sá tí àwọn ọmọ wọn ń sọ lónìí pé wọ́n dúró. Síbẹ̀, nínú gbogbo ogun tí mo kà, tí mo kọ́ ọmọ, tí mo tìtorí rẹ̀ na ọmọ, n kò rí èyí tó tó ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Fadérera sọ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ sórí ẹní, ọmọ náà kò sì jí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó dá mi lójú pé ẹ kò pọn ọmọ tí eyín ń yọ rí. Ẹ jẹ́ kí n júwe ọ̀tá náà. Ìṣọ̀lá Àkànní ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ọsàn, eyín òkè méjì ló ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà, inú sì ń bí i sí gbogbo ayé nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, kò gbà kí ẹ̀yìn òun pẹ́ lórí ẹní, kò gbà kí ẹlòmíràn gbé òun, orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ń sùn. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n wọn kò bá Ìṣọ̀lá pàdé. Ìṣọ̀lá ń sùn dáadáa. Ó ń sùn lórí ẹ̀yìn bí ọba lórí ìtẹ́, ó ń da itọ́ sí ìyá rẹ̀ ní ọrùn, ìyá rẹ̀ ni kò sùn, tí kò jókòó, tí ń fọ aṣọ, tí ń gbálẹ̀, tí ń wá bàtà Tiwaladé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bàbá àwọn ọmọ ń jó irin ní Ìlọrin, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń wálé.

Kí ni obìnrin yìí wá ń fẹ́? Kò béèrè aṣọ, kò béèrè góòlù. Ẹ̀bà gbígbóná ló ń fẹ́. Ó fẹ́ jókòó, kó ṣí àwo, kí ooru ẹ̀bà fẹ́ sí i lójú, kó jẹ ẹ́ tán kó tó tutù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń jẹ ẹ̀bà tó ti gan, èyí tí ènìyàn lè fi dí ihò ògiri, lórí ìdúró, bó ti ń jó síwá tó ń jó sẹ́yìn kí ọmọ má baà jí. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ẹ̀bà ló ń fojú rí lójú oorun, ní ìwọ̀nba ìgbà tí oorun bá gbé e.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti tẹ́ ọmọ sórí ẹní tán, ó ti na ọwọ́ sí ìdérí àwo, nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì, wọlé. Ìyá Àgbà rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó sùn fọnfọn, tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ìfẹ́ sì gbá a mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. "Àkànní ọkọ mi, ọmọ afínjú tí í wẹ̀ kí òjò tó rọ̀, ọmọ a-bẹ̀-ọ́-má-lọ tí í lọ tí í bọ̀." Kò tíì kan bàbá kẹta nínú ìdílé tí afínjú fi lajú, tó fi igbe bọnu. Ta ni yóò wá wí fún ìyá ọkọ pé kó má ki ọmọ-ọmọ rẹ̀? Fadérera kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó tún pọn ọmọ.

Ti Ọjọ́rú ni ó dùn mí jù, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Mo ti òde dé, mo rí Fadérera tó tẹ̀ síwájú lórí ẹní, n kò wo ohun tó ń ṣe, ohùn tí mo fi ń pe ìwé orúkọ ọmọ àádọ́ta ni mo fi kígbe pé, "Ẹ kú ilé o." Kí n má purọ́, ọmọ kò jí nítorí tèmi. Ó mí ìmí ẹ̀dùn kan, ó ń sùn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Láṣebìkan ni Fadérera, wọ́n kọ́ ọ nílé. Àgbà kì í kí i kó máà dáhùn. Kó tó ronú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀ gbì, ẹnu rẹ̀ ti ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," ó sì dún dé ojú títì. Ẹ̀kọ́ ilé ló jí Ìṣọ̀lá. Obìnrin náà wò mí. Kò bú mi, kò kùn, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọlúàbí, ó na ọwọ́ sí ọ̀já. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́bọ̀ wá dé, ọjọ́ ìjà àjàmọ̀gá. Ní nǹkan bí aago méjì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, Fadérera bu omi tó ń hó yaya sí gaàrí Ìjẹ̀bú, ó tẹ ẹ̀bà, ó yí i bìrí, ó bu ẹ̀fọ́ tó ní ẹja yíyan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àwo lé àpótí, ó fi àwo mìíràn dé e. Ooru ń yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí. Ó tẹ́ ẹní sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó rọra bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú, sà. Tí ẹ bá rí mi lórí ẹní yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi. Tí ẹ bá kí mi, mà á dáhùn."

Mo ní, "Kò sí ohun tí wàá gbọ́ lẹ́nu mi lónìí."

Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó yíjú sí ogun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó mọ̀ ọ́n. Ó dúró lórí ẹní, ó tẹ̀ ba láti ìbàdí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti fi epo sí, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bí tábìlì tí Ìṣọ̀lá sì dùbúlẹ̀ lé e gbalaja. Ó fi ọwọ́ òsì ti ìdí ọmọ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá kókó ọ̀já ní àyà, ó tú u ní ìwọ̀n ìka kan, ó dúró, ó tún tú u ní ìwọ̀n ìka kan. Àwọn ọ̀gágun tí mo kà nípa wọn, ẹṣin ni wọ́n ń gùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń tẹ̀ lé wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní láti tú ọ̀já láìmí.

Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ kàù. Tiwaladé, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ti fún ní nǹkan pé kó fi dí ẹnu kó má baà sọ̀rọ̀, ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kúlíkúlí ni ìyá rẹ̀ fún un. Kàù. Ìṣọ̀lá gbé ọwọ́ kan sókè. Fadérera kàn gbé ojú sókè láti abẹ́ apá rẹ̀, ó sì wo ọmọ náà ní ìwò kan, ìwò tí gbogbo wa mọ̀, tí ìyá kọ̀ọ̀kan ní, tó fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójú àlejò. Tiwaladé pa ẹnu dé. Ó fi kúlíkúlí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń dúró kí itọ́ rẹ̀ ó rẹ ẹ́. Ní tèmi, ikọ́ tí mo ti ń gbé mì láti òwúrọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun, mo fi fìlà dí ẹnu, omi ń jáde lójú mi, n kò wúkọ́.

Fadérera fi eyín di etí ọ̀já mú. Ó kù díẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, Ìyá Àgbà sì yọ.

Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ gbangba. Mo mọ ilé wa. Ìyàwó tí ìyá ọkọ wọlé bá tí kò kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dé Ìrágbìjí kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò sì máa sọ ọ́ nígbà tí Ìṣọ̀lá bá ń gbé ìyàwó. Bó bá sì kúnlẹ̀, bó bá la ẹnu láti kí i, ọ̀já yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ yóò jí, ẹ̀bà yóò gan. Fadérera kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ láti ibi tó tẹ̀ sí, ọ̀já wà lẹ́nu rẹ̀, omi sì kún ojú rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ọ̀já yọ̀, tí orí Ìṣọ̀lá sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń lọ sílẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti fi kọ́ ọmọ, mo ti ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn. N kò fi ojú ara mi rí i rí. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà sílẹ̀, ó rìn lórí ìka ẹsẹ̀, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí orúnkún ń dùn, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, òun, ìyá ọkọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí ọmọ náà.

Ẹnu rẹ̀ là. Mo rí Àkànní tó jókòó sí orí ahọ́n rẹ̀, mo rí afínjú tó tò sẹ́yìn Àkànní. Ó pa ẹnu náà dé. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ki ọmọ náà láti bàbá àkọ́kọ́ dé bàbá kẹsàn-án, kò sì sí ohùn kankan tó jáde. Obìnrin tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ilé kejì tó bá ń kí ewúrẹ́ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ gbé e wálẹ̀, èyí lórí, èyí ní ìdí. Ẹ̀yìn kan ẹní. Ìṣọ̀lá la ojú kan, ó fi wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà náà wò ó, kò mira. Ojú náà rọra padé. Fadérera yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ ìdí ọmọ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún, àtàǹpàkò ló yọ kẹ́yìn.

Ó wá yí padà láti kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà di apá rẹ̀ mú, ó fi ẹnu sí i létí, mo sì gbọ́ nítorí pé kò sí ohun mìíràn láti gbọ́ nínú ilé náà.

"Lọ jẹun. Ìkúnlẹ̀ á dúró dè wá. Ẹ̀bà kì í dúró."

Fadérera jókòó. Lórí ìdí rẹ̀ ni ó jókòó. Ó ṣí àwo, ooru sì dìde, ó gba gbogbo ojú rẹ̀, ó pa ojú dé sínú rẹ̀, kò tètè là á. Ó bu òkèlè, ó jó o lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì dùn pé ó jó o. Ọwọ́ ọ̀tún ń jẹun, ọwọ́ òsì kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó wà lórí itan rẹ̀, kò di ọmọ mú, kò di aṣọ mú, kò di ẹnikẹ́ni mú.

Èmi Olóyèdé dìde lórí àga mi, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá láìsí ìkéde. Mo tún fìlà dé, mo na ọwọ́ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì kéde, ní ohùn tí èèrà kò lè gbọ́, pé kí ọmọdé gbọ́, kí àgbà gbọ́, kí Ìkìrun gbọ́, kí Ìrágbìjí gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dáhùn: Fadérera Àjíkẹ́, ọmọ Láṣebìkan, ti jẹ ẹ̀bà ní gbígbóná.