Ọjọ́ Tí Mo Ṣí Fìlà Lórí Ebè Àna Mi

Àárọ̀ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, àwọn ará Ìràwọ̀ ò ní gbà, nítorí ọjọ́ náà ni mo gba orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí títí di òní.

Ọmọ igbó ni mí. Lápá Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ igi kòkó, níbi tí oòrùn ti ń tọrọ ààyè kí ó tó kan ilẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó mọ̀wé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, tí èmi àti àwọn tó ti bímọ jọ ń ké A, B, D. Ẹni tó bá pẹ́ kí ó tó rí nǹkan kì í fi í ṣeré. Gbogbo ìwé tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ń kà, gbogbo ohun tí mo bá kà ni mo sì ń gbà gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ràfíátù ìyàwó mi, ọmọ Ìràwọ̀ ni. Ọdún mẹ́tàlélógún la fi gbé pọ̀ kí àìsàn tó mú un lọ. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Bíọ́lá, bàbá mi ti dàgbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dá oko ro." Mo ní kò burú. Nígbà tí a sin ín tán, tí Bíọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé wá dákẹ́ jù fún mi. Mo di ẹrù mi, mo gba Ìràwọ̀ ní Òkè-Ògùn lọ.

Kí n sọ òótọ́, mo rò pé mò ń lọ kọ́ wọn níṣẹ́ ni. Ẹni tó ti roko nínú igbó, kí ni ọ̀dàn yóò fi í ṣe? Kò sí igi ńlá tí èèyàn yóò gé, ilẹ̀ kàn tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹní. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni ojú mi là. Ọyẹ́ la ètè mi títí n kò fi lè fi ẹnu fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo wá ibòji títí, igi irú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo rí. Bí òjìji rẹ̀ ti ń yí ni èmi náà ń yí tẹ̀lé e, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó. Mo béèrè bóyá oko jìnnà, wọ́n ní ó wà nítòsí. A gun ọ̀kadà títí ìdí mi fi kú.

Bàbá Ràfíátù, àna mi, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀. A lè jókòó láti àsárì di màgàríbì kí ẹnikẹ́ni nínú wa má la ẹnu. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́. Múráínà àbúrò ìyàwó mi, tó ń gun ọ̀kadà, ló ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo dé, Bàbá ní, "Ilẹ̀ kan wà lẹ́bàá odò. Ràfíátù ni mo fi í pamọ́ dè. Títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀ ni màá fi wò ọ́. Bí ọ̀dàn bá gbà ọ́, mo gé e fún ọ. Bí kò bá gbà ọ́, padà sílé rẹ ní ìrọ̀rùn. Kò sí ìjà."

Múráínà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ará igbó yìí náà? Ẹ jẹ́ ká ti bá wọn wá ọkọ̀ tí wọn ó bá padà."

Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti búra pé ilẹ̀ ẹ̀bá odò yẹn, èmi ni n óò ro ó.

Wọ́n kọ́ ahéré kan fún mi sí oko. Bàbá fúnra wọn ló fi koríko bẹẹrẹ tuntun bo orí rẹ̀, ó nípọn, ó sì mọ́ lójú. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbin iṣu sínú ebè. Ebè tiwọn kì í ṣe kékeré bíi tiwa. Ó ga dé ìbàdí, iye rẹ̀ sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ohun kan ṣoṣo ló bà á jẹ́ lójú mi. Lórí ebè kọ̀ọ̀kan, koríko gbígbẹ wà níbẹ̀ wúruwùru, òkúta tàbí ògúlùtu sì wà lórí koríko náà.

Mo ní ìwé pélébé kan lórí ìtọ́jú oko kòkó. Ojú-ewé kejì rẹ̀ sọ pé pàǹtírí lóko ni ilé àrùn. Mo wo koríko yẹn, mo wo Bàbá bí wọ́n ti ń tẹ̀ lórí ọ̀pá, mo sì sọ fún ara mi pé, agbára wọn ò ká oko mọ́ ni, wọn ò sì fẹ́ sọ ọ́ jáde. Bí mo bá ti béèrè ni, ìtàn yìí ì bá má sí. Ṣùgbọ́n èmi kì í béèrè. Ọkùnrin tó pẹ́ kí ó tó mọ̀wé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí òun ò mọ̀.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Múráínà gbé Bàbá lọ sí ìlú láti kírun. Bàbá ní, "Máa bá wa wo ojú oko."

Mo ní, "Kí ẹ tó dé, yóò ti dára, Bàbá."

Mo kó koríko orí ebè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò sinmi, n kò mu omi. Nígbà tó fi máa tó agogo mẹ́wàá, gbogbo ebè ti dúró gbọnrangandan, orí wọn ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, mo kí ara mi kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo koríko náà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣáná sí i.

Nígbó wa, èèyàn ní láti bẹ iná kí ó tó jó. Iná ọ̀dàn kì í dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti fò sínú pápá. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi ń lù ú. Ṣẹ́ẹ̀tì náà gbiná. Ìyá Àfùsá, tó ni oko ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, rí èéfín, ó sì sáré dé pẹ̀lú ẹ̀ka ewé tútù lọ́wọ́. Àwa méjèèjì lù ú títí ó fi dé ojú ọ̀nà ọkọ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Gbogbo pápá tó wà láàárín ti di dúdú.

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ebè.

"Ọkọ Ràfíátù, ta ló ṣí orí ebè sílẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá. Mo bá wọn tún un ṣe."

"O tún kí ni ṣe?" Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú ebè kan. Ilẹ̀ náà ti ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Fìlà rẹ̀ lo ṣí yẹn o! Òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn se irúgbìn. Tí ọ̀sán bá pọ́n bá a bẹ́ẹ̀, iṣu tí Bàbá fẹ́ jẹ lọ́dún yìí á jinná sínú ilẹ̀, kò ní hù mọ́. Dá fìlà wọn padà kíákíá! Níbo lo kó o sí?"

Mo nawọ́ sí eérú.

Ó fọwọ́ lérí. "Háà. Ràfíátù, sùn re o. Ọkọ rẹ ti dé."

Koríko tí kò jóná tó sún mọ́ wa jù lọ wà lẹ́yìn odò, ìrìn wákàtí kan ní àlọ nìkan. Oòrùn kò ní dúró dè mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ilẹ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀. Mo wá gbójú sókè. Òrùlé mi ni mo rí.

N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo gun orí ahéré mi, mo ń fa bẹẹrẹ tí Bàbá fi ọwọ́ wọn dì, mo ń jù ú sílẹ̀. Ìyá Àfùsá ń kó o, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ láìdákẹ́: "Ará igbó, wọ́n ní ẹ ní ọgbọ́n. Àṣé orí òrùlé lẹ ń kó o pamọ́ sí." A ń dé ebè ní fìlà, a ń fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí òrùlé tán, ó ku bí ogún ebè. Mo mú ẹní mi, mo ya á. Mo mú ṣòkòtò mi méjèèjì, ó ku èyí tó wà nídìí mi. Ìwé pélébé tó fi pàǹtírí hàn mí náà kò gbẹ́yìn. Ojú-ewé rẹ̀ bo ebè mẹ́jọ, ojú-ewé kejì ni mo sì fi ògúlùtu tó wúwo jù tẹ̀. Fìlà orí èmi gan-an bá a lọ.

Ó ku ebè kan. Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú àpótí mi, ìborùn Ràfíátù. Mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Mo tẹ́ ẹ lé e lórí.

Lẹ́yìn àsárì, mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ahéré ni Múráínà kọ́kọ́ rí, tó ku egungun igi lásán. "Yéè! Olè! Bàbá, wọ́n ti jí òrùlé gbé!" Lẹ́yìn náà ló rí oko. "Bàbá, ẹ wá wò ó. Ebè wọ ṣòkòtò!"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eérú. Mo ro ẹjọ́ mi, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sínú oko. Wọ́n ń ti ebè kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ inú wọn. Wọ́n dé ìdí èyí tó wọ ìborùn. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo ti ń ka ẹrù mi lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ebè ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ohùn kan jáde, mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ni. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n di ọ̀pá mú kí wọ́n má baà ṣubú. Múráínà wo bàbá rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ nu ojú tirẹ̀ náà.

Bàbá ní, "Ta ló kọ́ ọ pé kí o ṣí i?"

"Ìwé ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o fi òrùlé rẹ bò ó?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá."

Wọ́n mi orí. "Èyí tí wọ́n kọ́ ọ lo fi bà á jẹ́. Èyí tí wọn ò kọ́ ọ lo fi tún un ṣe. Dìde."

Kí oòrùn tó wọ̀, àwòrán ebè oníṣòkòtò ti dé orí fóònù Bíọ́lá ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ Múráínà ni. Ọmọ mi pè mí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè kí mi. Múráínà ní kí n wá sùn sílé ní ìlú. Mo ní ilé mi nìyí. Ọjọ́ kẹta, mo ṣì ń ru koríko òrùlé bọ̀ láti ẹ̀yìn odò nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án gangan. Abẹ́ agboòrùn ni mo jókòó sí nínú ilé ara mi, mo gbé ìkòkò ìrẹsì mi pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀. N kò lọ síbì kankan.

Bàbá dé nígbà tí òjò dá, wọ́n mú àdá lọ́wọ́. A rìn dé ẹ̀bá odò, wọ́n ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, wọ́n gbé àdá náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì yí padà.

Ebè mẹ́rìnlá ni kò hù lọ́dún náà. Mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Lónìí, bí àlejò bá dé Ìràwọ̀, Múráínà á gbé e wá wo ebè mi lẹ́bàá odò, tó ga dé ìbàdí, tí gbogbo rẹ̀ dé fìlà rẹ̀ dáadáa. "Ẹ wo oko ẹ̀gbọ́n mi," ni yóò wí, bí ẹni pé òun ló kọ́ mi. Bàbá Aṣífìlà ni gbogbo ìlú ń pè mí. N kì í bínú. Ẹni tí wọn ò ka kún ará ilé, wọn kì í fún un lórúkọ.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀: bí o bá dé ilẹ̀ onílẹ̀ tí o rí pàǹtírí, kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Mo dá ìborùn padà sínú àpótí mi. Ọ̀kan nínú ṣòkòtò náà ṣì wà lára ògiri mi, ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ tán pátápátá. Nígbà mìíràn, bí mo bá jí láàárọ̀ tí ojú mi sì bá ojú ihò yẹn, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín.