Ọṣẹ Tó Ń Jẹ Wàrà

Ilé ìfọṣọ kan wà lójú títì. Iwájú ni wọ́n ti ń gba aṣọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, káńtà onípákó kan ló sì wà láàárín méjèèjì. Obìnrin tó ni ibẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Alágbàfọ̀, jókòó lẹ́yìn káńtà, ó gbé ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wá kí ìbátan rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé páálí wọlé ni wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ, nítorí pé ọṣẹ ló ń tà, àti nítorí pé kò tíì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan tó sì gba ìdáhùn kan ṣoṣo.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ o.

MÀMÁ: Káàbọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló ń ṣiṣẹ́? Ìwọ náà lo ní mi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, pé ọṣẹ rẹ ni yóò máa ṣe é.

ỌLỌ́ṢẸ: (Ó gbé páálí lé káńtà, inú rẹ̀ dùn.) Ẹ ò gbàgbé. Oníbàárà tó ń gba ẹ̀kọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó yá, kí ni mo ní ó wà nínú ọṣẹ mi tí kò sí nínú tẹlòmíràn?

MÀMÁ: Ẹ́ńsáìmù.

ỌLỌ́ṢẸ: Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

MÀMÁ: Ó ń jẹun.

ỌLỌ́ṢẸ: Kí ló ń jẹ?

MÀMÁ: Ẹ̀jẹ̀, ẹyin, wàrà, òógùn. O ní ohunkóhun tó bá ti ara ẹ̀dá jáde, yálà ènìyàn tàbí ẹranko, oúnjẹ rẹ̀ ni.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ gbọ́ ohùn ọ̀mọ̀wé. Màmá, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wá sọ lọ́la.

MÀMÁ: Níbo?

ỌLỌ́ṢẸ: Níwájú àwọn ọ̀gá àgbà wa. Àwa méjì là ń du ipò kan, ipò olórí gbogbo atajà. Ẹnìkejì mi máa gbé àwòrán àti ẹ̀rọ ìfọṣọ wá. Èmi, ènìyàn ni mo fẹ́ mú wá, ẹ̀yin sì ni. Wọ́n ṣe ọṣẹ yìí fún irú ibi tí a wà: omi kànga tó le, tí ọṣẹ mìíràn kì í hó nínú rẹ̀, báàfù, kì í ṣe ẹ̀rọ, omi tí ẹnikẹ́ni ò gbé kaná, iná mànàmáná tó wà lónìí tí kò sí lọ́la. Ẹ ó kàn sọ ohun tí ojú yín rí.

MÀMÁ: Gbogbo rẹ̀?

ỌLỌ́ṢẸ: Gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

MÀMÁ: Ó dáa. Ìwọ lo sọ ọ́ o.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ wá bá mi gbé kóòtù mi tí mo ní kí ẹ bá mi fọ̀. Òun ni màá wọ̀. Láìsí kóòtù yẹn, atajà lásán ni mí. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́, mo ti di olórí kí wọ́n tó bi mí ní orúkọ.

MÀMÁ: (Kò dìde.) Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn fún ọ bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ ròyìn. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìgbáradì fún ọ̀la.

MÀMÁ: Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ra ọṣẹ rẹ, mo se omi títí ó fi hó, mo da ọṣẹ sí i. Kò ṣe nǹkan kan. Mo ránṣẹ́ pè ọ́.

ỌLỌ́ṢẸ: Mo sì ṣàlàyé fún yín pé omi híhó ń pa á.

MÀMÁ: Mo bi ọ́ pé ṣé ó wà láàyè ni. O ní rárá.

ỌLỌ́ṢẸ: Kò wà láàyè.

MÀMÁ: Ṣùgbọ́n ó lè kú.

ỌLỌ́ṢẸ: Ó lè... Ẹ jẹ́ ká ní ó lè bàjẹ́.

MÀMÁ: "Kú" lo wí lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ó ti yé mi, pé bí àbúrò ọkọ mi tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba ló ṣe rí. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé ó wà láàyè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tó gbóná fún un, á kú.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ má sọ ìyẹn lọ́la. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí.

MÀMÁ: Ṣé ó wà láàyè?

ỌLỌ́ṢẸ: Màmá, kóòtù.

MÀMÁ: Mo ń bọ̀ níbẹ̀. O ní omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ló yẹ àwọn ẹ́ńsáìmù náà. Mo gbé báàfù sínú oòrùn títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi ìgúnpá wò ó kí n tó da ọṣẹ sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ń tutù, mo ń fi àpò bò wọ́n. Omi òjò ni mo sì bù fún wọn.

ỌLỌ́ṢẸ: Omi òjò kò pọn dandan. Omi kànga ni wọ́n ṣe é fún.

MÀMÁ: Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀la rẹ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Mi ò lè bu omi kànga fún wọn.

(Ọlọ́ṣẹ fi ọwọ́ nu ojú. Ó dà bí ẹni pé omijé fẹ́ bọ́ níbẹ̀.)

ỌLỌ́ṢẸ: Búrọ́ọ̀ṣì líle yẹn ńkọ́? Ẹ ò fi kàn án?

MÀMÁ: Wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn ni mo fi ń gbé ró báyìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé mi. Wàrà ló dà sí kóòtù yẹn, àbí?

ỌLỌ́ṢẸ: Wàrà ni. Mo gbé ọmọ lé èjìká, ó ti mu ún yó, ó sì bì í sí mi lẹ́yìn.

MÀMÁ: Ìwọ lo ni ọṣẹ tó ń jẹ wàrà. Ìwọ lo ni kóòtù tí wàrà dà sí. O ní ìyàwó, o ní báàfù, o ní omi. Kí lo wá gbé e wá síbí fún?

ỌLỌ́ṢẸ: (Ó ń to ọṣẹ inú páálí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.) Ìyàwó mi ò gba ọṣẹ náà láyè nínú ilé.

MÀMÁ: Kí ló ní ó ṣe?

ỌLỌ́ṢẸ: Ó ní ọṣẹ tó bá ń jẹun kò gbọdọ̀ wọ ibi tí ọmọ òun ń sùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ dán an wò lára ẹlòmíràn.

MÀMÁ: Èmi wá ni ẹlòmíràn.

ỌLỌ́ṢẸ: Oníbàárà pàtàkì lẹ jẹ́.

MÀMÁ: O ṣeun. Mo ti rí àyè mi.

ỌLỌ́ṢẸ: Obìnrin náà kò mọ̀ nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹ fi kóòtù náà sínú omi bí wákàtí kan, ó sì ti mọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

MÀMÁ: Wákàtí kan kẹ̀? O ní bí wọ́n bá ṣe pẹ́ nínú omi tó ni aṣọ á ṣe mọ́ tó. Láti ọjọ́ tí o ti gbé e wá ni mo ti rẹ ẹ́.

ỌLỌ́ṢẸ: Màmá, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé e wá.

MÀMÁ: Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ni mo rẹ ẹ́. Láràárọ̀ ni mo ń pààrọ̀ omi fún wọn. Ọṣẹ tuntun ni mo sì ń dà sí i, kí ó má dà bíi pé ẹni kan ló ń dá ṣe iṣẹ́ náà.

ỌLỌ́ṢẸ: (Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.) Àbàwọ́n ńkọ́?

MÀMÁ: Ó ti lọ.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Àyà mi ti ń já.

MÀMÁ: Kò ku àmì kankan. Bí o bá fi àtùpà wá a, o ò ní rí i. Ibi tó wà pàápàá, o ò ní rí i.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ ní kí ni?

MÀMÁ: Mo ní ibi tó wà náà ti lọ.

Màmá dìde wàyí, ó mú kóòtù náà wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì tẹ́ ẹ sórí káńtà, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Láàárín èjìká méjèèjì, ihò kan là tó fẹ̀ tó ọpọ́n ìjẹun ọmọdé. Aṣọ pupa tí télọ̀ fi tẹ́ inú kóòtù náà yọ láti ibẹ̀ bí ahọ́n.

ỌLỌ́ṢẸ: Kí lẹ fi ṣe èyí?

MÀMÁ: Ọṣẹ rẹ.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ fi nǹkan fà á ya ni.

MÀMÁ: Láàárọ̀ yìí, mo fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ. Ọwọ́ mi yọ sí òdìkejì.

ỌLỌ́ṢẸ: Màmá, kóòtù irun àgùntàn ni.

MÀMÁ: Kí ni àgùntàn?

ỌLỌ́ṢẸ: Kí ni ẹ tún fẹ́ kí ó jẹ́? Ẹranko ni.

(Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ tán kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ.)

MÀMÁ: O ní ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko jáde. Èmi ò já ọ nírọ́. Àwọn náà ò já ọ nírọ́.

ỌLỌ́ṢẸ: A kì í fi fọ irun àgùntàn. A kì í fi fọ sílíìkì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílé iṣẹ́.

MÀMÁ: Nílé iṣẹ́ yín ni. Nílé iṣẹ́ tèmi, o kò sọ ọ́.

ỌLỌ́ṢẸ: Atajà ni mí, Màmá. Ta ni yóò polówó ọjà, tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọjà náà ń bàjẹ́?

MÀMÁ: Ó yé mi. O bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn oníbàárà mi má baà sá. Ṣùgbọ́n òwú ni gbogbo àdúgbò yìí ń wọ̀, òwú àti aṣọ náílọ́ọ̀nù. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé jáde láìní àbàwọ́n, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì funfun ju ti ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ. Ìwọ nìkan lo wọ ẹranko wá.

ỌLỌ́ṢẸ: (Ó gbójú sókè. Ó rí kóòtù aláwọ̀ eérú kan tó so kọ́ lára ògiri.) Ta ló ni èyí?

MÀMÁ: Tísà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ yá mi di ọ̀la. Ó bá mi mu.

MÀMÁ: Mú un. Ọṣẹ rẹ náà ni mo fi fọ̀ ọ́.

(Ọwọ́ Ọlọ́ṣẹ ti fẹ́ kan kóòtù náà. Ó fà á padà.)

MÀMÁ: Kí ló dé? O ò gba ọṣẹ ara rẹ gbọ́ mọ́?

ỌLỌ́ṢẸ: Aṣọ kí ni wọ́n fi rán an?

MÀMÁ: Èmi ò bi tísà. Fà á díẹ̀, ká jọ mọ̀.

(Ọlọ́ṣẹ kò fà á. Ó gbé kóòtù tirẹ̀ wọ̀, ó bọ bọ́tìnnì, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.)

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ wò mí dáadáa.

MÀMÁ: Láti iwájú, olórí ni ọ́.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ rí i. Kò sí wàhálà. Mi ò kàn ní jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn mi ni.

MÀMÁ: Tí o bá fẹ́ jáde ńkọ́?

ỌLỌ́ṢẸ: Màá máa fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn.

MÀMÁ: Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Ṣé o ò ní kọ́kọ́ kí wọn ni?

ỌLỌ́ṢẸ: Màá kí wọn. Màá tẹríba...

(Àwọn méjèèjì wo ara wọn.)

MÀMÁ: Tẹríba, jẹ́ n wò ó.

(Ó tẹríba. Kóòtù náà ya láti ihò dé ìsàlẹ̀, láìpariwo, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Gbogbo aṣọ pupa inú rẹ̀ bọ́ síta.)

MÀMÁ: Wọn ò tíì yó.

ỌLỌ́ṢẸ: Màmá, ẹ ṣàánú mi. Kí ni màá wí lọ́la?

MÀMÁ: Ohun tí o wí fún mi ni kí o wí fún wọn. Ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má ṣe nǹkan kan, kí wọ́n jẹ́ kí ọṣẹ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o mú ẹ̀rí wá, kọ ẹ̀yìn sí wọn.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ̀yin náà ò ní wá jẹ́rìí mọ́, àbí?

MÀMÁ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Màá wá. O ní kí n má fi nǹkan kan pa mọ́.

Ọlọ́ṣẹ nawọ́ sí páálí rẹ̀.

MÀMÁ: Fi í sílẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù pọ̀ nínú ilé.

Kí Màmá má baà tún rí ẹ̀yìn rẹ̀, ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn rìn láti káńtà títí dé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Báyìí ni Màmá kò ṣe rí nǹkan kan, tí gbogbo ojú títì sì rí i. Àwọn kan dúró. Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wọlé láìyí orí padà.

ỌLỌ́ṢẸ: Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Ó kéré tán, ẹ sọ fún wọn lọ́la pé ọṣẹ náà dára.

MÀMÁ: (Ó ti ń tú páálí.) Màá sọ fún wọn. Ọṣẹ yín dára gan-an. Àgùntàn nìkan ló yẹ kó ṣọ́ra.