Àlùbọ́sà Sàdọ́k Kò Dára Rárá

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Sàdọ́k. Ó wọ ọ́fíìsì ìlú Bír Lọ́z ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí igi ọsàn ń tanná. Ó gbé àlùbọ́sà kan dání, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun.

Àjọ̀dún ìrúwé ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀ yí ìlú ká: ẹni tí àlùbọ́sà rẹ̀ bá dára jù ni yóò máa kọ́kọ́ gba omi kànga ìlú sí oko rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Sàdọ́k ló gbẹ̀yìn. Tòmátì rẹ̀ gbẹ. Ata rẹ̀ gbẹ. Èyí tí kò gbẹ, ewúrẹ́ Mábrúk aládùúgbò rẹ̀ jẹ ẹ́.

Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì ń jẹ́ Názíh. Olú-ìlú ni wọ́n ti gbé e wá, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó. Ẹ wá forúkọ àlùbọ́sà sílẹ̀, àbí?"

"Òun náà ni, ọmọ mi. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ara wọn le. Orúkọ yín?"

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ara wọn le. Orúkọ, Bàbá."

"Àwọn àbúrò ẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní àbúrò."

"Ọlọ́run á pèsè."

"Bàbá mi ti pé ọgọ́rin ọdún!"

"Ọlọ́run kì í ka ọdún. Sàdọ́k ni mò ń jẹ́."

Názíh kọ ọ́. "Kí lẹ mú wá?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kí ló wá wà nínú ìborùn yẹn?"

Sàdọ́k wo ẹ̀yìn. Ó wo ojú fèrèsé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àlùbọ́sà kan báyìí ni. Ká tiẹ̀ máà pè é ní àlùbọ́sà."

"Ẹ ṣí i kí n fi ojú kàn án."

"Ojú ẹ?"

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ojú ni, ṣáà." Sàdọ́k gbá ìborùn mọ́ àyà. "Àwọn adájọ́ á rí i lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn yẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é."

"Ó dáa. Ìbéèrè ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu yín sọ ni n ó kọ, mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ní Bír Lọ́z, ẹni tó ní ohun tó dára kì í sọ pé ó dára. Ojú ayé ń bẹ; ohun tí ojú ìlara bá kàn, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó bá rẹwà, ìyá rẹ̀ á ní ọ̀bọ lòun bí. Àlùbọ́sà Sàdọ́k sì tó orí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé.

"Kò tóbi. Ó dà bí ìgbẹ́ ewúrẹ́."

"Kóró kan, àbí òkìtì?"

"Kóró kan. Ewúrẹ́ náà ò sì gbádùn."

"Ewúrẹ́... aláìsàn." Názíh kọ ọ́. "Àwọ̀?"

"Ó ti dúdú."

"Ìlera?"

"Ó ti jẹrà."

"Ṣé kòkòrò wà nínú rẹ̀?"

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́ dénú."

"Irú kòkòrò wo?"

Sàdọ́k ò retí ìyẹn. "Wọn ò pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi lè mọ̀ wọ́n. Gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ ló kú."

Gègé dúró lọ́wọ́ Názíh. "Wọ́n kú?"

"Èmi ni mo sin wọ́n."

"Òórùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ọkàn Sàdọ́k balẹ̀. Ó ti bo àlùbọ́sà rẹ̀ dáadáa. Kò sí ojú kankan láyé tí yóò gbọ́ ìyẹn kó jowú.

Ṣùgbọ́n Názíh ti gbé gègé sílẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún, ọmọ mi?"

"Àánú ìlú yìí ló ń ṣe mí."

Àlùbọ́sà ni. Ìborùn náà fẹ́lẹ́.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe ẹni kejìdínlógún. Kò sí ẹyọ àlùbọ́sà kan tó dára ní gbogbo Bír Lọ́z! Mábrúk ní tòun dà bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ Sátánì. Opó tó ń gbé ìdí mọ́sálásí ní òun ò mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ni àbí òkúta. Nígbà tó fi máa kan ẹni kẹta ni mo ti mọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ni!"

"Àrùn wo?"

"Àrùn àlùbọ́sà. Mo ti kà nípa rẹ̀ nílé ìwé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ nípa ọ̀gbìn."

"O ti gbin àlùbọ́sà rí?"

"Kò pọn dandan. Mo ti ka àwọn fọ́ọ̀mù náà fún àwọn ará ọ́fíìsì àgbẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ọkọ̀ mẹ́ta. Àlùbọ́sà tí wọ́n bá rí, iná ni. Àjọ̀dún ò sí mọ́. Mo ti kọ ìkéde rẹ̀ pàápàá." Ó gbé bébà sókè, ó fọ ọ̀nà ọ̀fun. "'Ẹ̀yin ará Bír Lọ́z, pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn àti ẹ̀dùn tí kò ṣe é fẹnu sọ...'"

"Tí kò bá ṣe é fẹnu sọ, kí lo wá ń sọ ọ́ sí?"

Sàdọ́k tú ìborùn. Ó gbé àlùbọ́sà lé tábìlì. Tábìlì ké.

Názíh dìde dúró. "Há! Bàbá! Ó mà tó..."

Ìka márùn-ún Sàdọ́k ti bò ó lẹ́nu. "Má sọ ọ́!"

"Mm-mm-mm!"

"Má rò ó náà! Tutọ́ sílẹ̀!"

"Nínú ọ́fíìsì ìjọba?"

"Tutọ́!"

Názíh tutọ́ sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù. Ó jókòó jẹ́ẹ́. "Kóró ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá nìyí."

"Òun náà ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́?"

"Ta ló parọ́? Mo ṣọ́ra ni! Gbogbo àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn, wọ́n ṣọ́ra ni. Ṣé ibi tí wọ́n ti bí ẹ, wọn kì í ṣọ́ra? Ìyá ìyá ẹ ò pè ẹ́ ní nǹkan kan rí?"

"Wọ́n pè mí ní ọ̀bọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ọ̀bọ tí irun rẹ̀ ti re. Níwájú àlejò. Títí wọ́n fi kú."

"Wọ́n mà fẹ́ràn ẹ o."

"Ogún ọdún ni mo fi ń bínú sí wọn, Bàbá!"

"Ọ̀bọ tí irun rẹ̀ re? Ìwọ lo rẹwà jù nínú ilé yẹn. Kò sí àní-àní." Sàdọ́k wò ó tàánú-tàánú. "Ṣùgbọ́n ìwọ yìí, orí ẹ ò pé."

Názíh nu ojú. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

"Rárá o. Èyí tí mo sọ yìí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbé fóònù. Sọ fún wọn pé kò sí àrùn."

"Wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi. Ìwé ló mú àrùn wá, ìwé ló máa mú un lọ. Ẹni tó ní ó jẹrà ló gbọ́dọ̀ sọ pé kò jẹrà. Gbólóhùn kan péré ni, Bàbá. Ẹ sọ pé, 'Àlùbọ́sà mi dára.' N ó kọ ọ́, àwọn ọkọ̀ á yí padà, àjọ̀dún á wáyé. Mo sì ti fi ojú ara mi rí i, ẹ̀yin lẹ máa gba omi. Kò sí èyí tó lè..."

"Má sọ ọ́!"

"Ó dáa. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́."

Sàdọ́k dúró ṣánṣán. Ó rántí tòmátì rẹ̀. Ó rántí ewúrẹ́ Mábrúk. Ó la ẹnu.

"Àlùbọ́sà mi..."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Àlùbọ́sà mi dá... dá..." Òógùn ti bò ó.

"Ẹ parí ẹ̀, Bàbá."

"...dà bí ẹni pé kò tíì kú."

"Ìyẹn kọ́."

"Mo ń bọ̀. Àlùbọ́sà mi dára..."

Názíh gbá gègé mú lórí tábìlì.

"...fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

"Bàbá!"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó fọ́jú."

"Ẹ ro ti omi!"

"Ti omi náà ni mò ń rò! Tí mo bá sọ ọ́, ojú á gbé e lọ. Tí ojú bá gbé e lọ, kí ni n ó máa bomi rin?"

"Ẹ sọ ọ́ sí mi létí. Ojú ò létí."

Ó bọ́gbọ́n mu. Sàdọ́k tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sún mọ́ etí Názíh dáadáa, ó mí kanlẹ̀.

"Ó jẹrà," ó ní.

Názíh gbé orí lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún. Ó gbé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, Alága. Bẹ́ẹ̀ ni sà, àwọn méjìdínlógún... Omi? Omi náà ṣì wà níbẹ̀, sà... Ẹni tó wù kó jẹ́?... Èyí tó burú jù? Mo gbọ́, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo Sàdọ́k.

"Alága ìlú ni. Wọ́n ti gbọ́ nípa àrùn náà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìdíje mọ́, ká fi omi náà ṣàánú. Ẹni tí àlùbọ́sà tirẹ̀ bá bàjẹ́ jù ní ìlú ni kó máa kọ́kọ́ gbà á."

Sàdọ́k fa àga, ó jókòó. "Ka ìwé náà."

"Mábrúk: ọmọ ìka ẹsẹ̀ Sátánì, ó ti jẹrà."

"Ìyẹn kéré. Máa bá a lọ."

"Opó ìdí mọ́sálásí: bóyá òkúta."

"Òkúta kì í jẹrà. Máa bá a lọ."

Ó ka mẹ́tàdínlógún. Sàdọ́k mi orí sí gbogbo wọn bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ aláìníyọ̀ síwájú rẹ̀.

"Sàdọ́k," Názíh kà. "Kóró ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ aláìsàn. Ó dúdú. Ó jẹrà. Kòkòrò tó jẹ ẹ́ kú. Wọ́n sin wọ́n. Ìyàwó kó jáde."

Ó ti ìwé pa. "Kò sẹ́ni tó sún mọ́ yín, Bàbá."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Àwọn méjèèjì wá wo àlùbọ́sà. Ó jókòó sórí tábìlì, ó ń dán.

"Tí àwọn ará ọ́fíìsì àgbẹ̀ bá rí èyí lọ́la," Názíh sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àrùn ò sí. Tí àrùn ò bá sí, omi ti lọ."

"Tí wọ́n bá rí ti Mábrúk ńkọ́?"

"Omi ti lọ náà nìyẹn. Ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí."

"Mú bébà. Kọ ìkéde."

Inú Názíh dùn. "'Ẹ̀yin ará Bír Lọ́z, pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn...'"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Kọ ọ́ pé: Wọ́n ń bọ̀ wá jó àlùbọ́sà yín lọ́la. Ẹ jẹ ẹ́ lónìí."

"Ó tán?"

"Kí ló tún kù?"

Názíh kọ ọ́. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. Ó wo àlùbọ́sà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, àlùbọ́sà yín yìí... irú ìrànù yìí, mi ò rí i rí láyé mi."

Sàdọ́k rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! O ti ń gbọ́n."

Kí oòrùn tó wọ̀, èéfín ti ń jáde nílé gbogbo, gbogbo Bír Lọ́z ń sunkún. Mábrúk tó dá jẹ tirẹ̀ ló sunkún jù. Ìyàwó Sàdọ́k, tí kò kó lọ síbì kankan, gé àlùbọ́sà náà sínú agbada mẹ́ta. Ó fi òróró ólífì dín in, ó fọ́ ẹyin mẹ́fà sí i, ó fi ata gígún sí i. Sàdọ́k fi búrẹ́dì nu àwo mọ́ tónítóní.

"Ó dára àbí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Sàdọ́k wo ojú fèrèsé. "Kò dára rárá," ó ní, ó sì na àwo fún un lẹ́ẹ̀kẹta.