Bí Àmín Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Jó Oko Kókó Láoṣebíkan

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹgbẹ̀rún àmín kò tó garawa omi kan? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òwe náà ò tíì pẹ́ láyé, orí fóònù ni wọ́n bí i sí.

Láoṣebíkan, àgbẹ̀ kókó abà Gbòǹgbò, kì í rí nǹkan lórí Fesibúùkù kó má fèsì. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń mú, àwọn aṣọ́gbó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Igbó ti gbẹ. Ẹ má finá lé ọ̀yà. Ẹ ro etí oko yín mọ́, kí iná má baà rọ́nà wọlé."

Kíá, Láoṣebíkan tẹ "Àmín!"

Gbogbo abà bá a gbè é. "Àmín o!" "A ò ní rógun iná!" "Ṣe àmín, kó o fi ránṣẹ́ séèyàn méje!"

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọkọ mi, wọn ò ṣàdúrà o, iṣẹ́ ni wọ́n rán yín. Ọkọ́ dà?"

"Àwẹ̀ró, ìgbàgbọ́ rẹ kéré."

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn kan finá lé ọ̀yà. Iná gba etí oko tẹ́nikẹ́ni ò ro, ó kọrí sí kókó tó ti pọ́n, tó ku kí wọ́n ká. Kí ni Láoṣebíkan ṣe? Ó ya fọ́tò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ gbà mí o!"

Èsì ya wọlé. "Ọlọ́run á pa á." "Àmín!" "Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, fọ́tò yẹn ò hàn." Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́. Iná lá irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ló bá rí Ọ̀jẹ́wùmí, tí oko wọn jọ pààlà, létí kànga. Garawa omi kún lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

"Ọ̀jẹ́wùmí! Omi!"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Àmín tiyín ni mò ń tẹ̀ lọ́wọ́."

Àwẹ̀ró sáré dé. Ó já garawa gbà, ó dà á síná, ó ṣẹ́ ẹ̀ka tútù, ó ń na iná bí ẹni ń na ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀lùbọ́. Ojú ti Ọ̀jẹ́wùmí àtàwọn ará abà tó ń wòran, wọ́n ki fóònù bọ àpò, wọ́n bá a nà án. Igi kókó mẹ́wàá jó, ìyókù yè.

Ní ìrọ̀lẹ́, Láoṣebíkan onírùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan ń ro etí oko. Fóònù dún. Ọ̀jẹ́wùmí ló kọ ọ́ pé, "Irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ o." Ọwọ́ Láoṣebíkan ti fẹ́ tẹ àmín. Àwẹ̀ró wò ó. Ọkọ rẹ̀ dá fóònù padà sápò, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àṣé ẹgbẹ̀rún àmín kò tó garawa omi kan."

Irú iná bẹ́ẹ̀ ò ní jó oko yín.

Ta ló ṣe àmín níbẹ̀ yẹn? Dìde, lọ pọnmi!